Ketura Arọ-ẹ̀wọ̀n Nílé Àwọn Oní-gíláàsì

Ní ìdílé wa, irin ni à ń pe gíláàsì tó ti yọ́. Bí ọkùnrin kan bá pariwo nínú ilé ìléru pé, "Irin yìí ti tutù jù!", kò sí ẹni tó máa wo ilẹ̀ kó máa wá irin. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ ló ń sọ, gíláàsì pupa fòò tó ń fà bí oyin. Bàbá mi pè é bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnì kan ní Amblecote ìlú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ló dé, àfi ìgbà tí Ketura dé.

Ketura ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Jabesi. Cradley ló ti wá, níbi tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti ní àgbẹ̀dẹ, tí àwọn obìnrin ń rọ ẹ̀wọ̀n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí ọmọ ọwọ́ sì ń sùn nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe dàgbà. Kò ga rárá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Iná ti ta sí i lọ́rùn títí dé àyà, ó fi àpá wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kò sì fi wọ́n pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ní ọjọ́ Ìsinmi. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé adájọ́ tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan ni èmi Tirifena.

Níbi àpèjẹ tíì tí ìjọ wa ṣe lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ti pàdé. Jabesi jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ ńlá tí yóò fi hàn pé òun kì í ṣe èèyàn lásán.

"Irin wa dáa lónìí," ó ní. "Ó mọ́ gaara, èèyàn lè gbé e sójú kó fi kàwé."

Ketura gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Irin wo lo fi ń kàwé?"

"Irin inú ìkòkò wa."

"Ṣé o mutí wá sílé Ọlọ́run ni?"

"Mi ò mu nǹkan kan. Gíláàsì ni. Irin la máa ń pè é."

"Ẹ ò ráyè wá orúkọ fún tiyín, ẹ wá jí tiwa. Kò burú. Olè ni gbogbo yín ní Amblecote."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé pásítọ̀ yíjú padà. Kí búrẹ́dì tó tán lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ẹ̀wọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ni Ketura béèrè kó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Ó ní bí òun bá ń bọ̀ nílé ọkọ, iná òun ń bọ̀ pẹ̀lú òun. Jabesi fi bíríkì mọ ojú iná kékeré kan fún un nínú ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé owú tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti Cradley wá. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà yẹn. Owú yẹn nìkan ni ogún rẹ̀, òun ló sì ń gbé ẹ̀wọ̀n lé lórí lù. Lójú Ketura, ìyàwó tí kò bá ní iná tirẹ̀, àlejò ni nílé ọkọ, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lójú.

Ìyá wa, Tirsa, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Nínú ilé oní-gíláàsì," ni ìyá mi wí, "a kì í gbọ́ kọ́ńkọ́. Bí a bá gbọ́ kọ́ńkọ́, nǹkan kan ti fọ́ nìyẹn." Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún, ìyá mi a fò dìde, a sáré lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ife wà.

Ní ìdí oúnjẹ ni ìjà dídùn ti ń ṣẹlẹ̀. Ketura a bu ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ràn lára irin ni pé ó máa ń sọ̀rọ̀. Kó tó já, á kọ́kọ́ fà, á tín-ín-rín lójú kan, á ní, Ketura, ó ti tó o, gbé e kúrò lórí mi. Tiyín ńkọ́? Á jókòó bí ọmọlúàbí, á máa dán, á máa rẹ́rìn-ín sí ẹ. Kó o tó mira, ó ti fọ́."

"Ṣé ó dípẹtà rí?" ni Jabesi máa ń dáhùn. "Gbé ẹ̀wọ̀n ẹ síta fún òjò oṣù kan kí n wò ó. Ife tí bàbá bàbá mi fi ẹnu fẹ́ ṣì ń dán títí dòní."

"Kí ló máa ṣe tí kò ní dán? Ṣé ẹnikẹ́ni láyà láti fọwọ́ kàn án!"

Mo rí i tí ìyá mi gbé ojú sábẹ́ tábìlì kí a má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Eré nìkan kọ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Ketura fi òòlù ṣẹ́ ọ̀pá irin kan sí méjì, ó sì gbé ojú ibi tó ṣẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fún wa. Àwọn ìlà wà nínú rẹ̀ bíi ti igi. Ó ní bí ìlà yẹn bá ṣe dojú kọ ni òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí irin kì í kọ̀ fún ẹni tó bá mọ ìlà rẹ̀. Jabesi náà mú ègé gíláàsì kan, ó fọ́ ọ sí ara bíríkì. Kò sí ìlà kankan nínú tirẹ̀. Ojú ibi tó ti fọ́ ń dán, ó sì tẹ̀ bí ìkarahun. Jabesi ṣàlàyé pé bí irin bá ń tutù, ńṣe ló ń to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ní ti gíláàsì, òtútù ló ká a mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣàn lọ.

"Ìyẹn ni pé ọ̀lẹ ni," ni Ketura wí. Ṣùgbọ́n ó mú àfọ́kù náà sọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pẹ́ kó tó gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá Enoku, òun sì ni ọ̀gá Jabesi níbi iṣẹ́. Àga ni à ń pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan, àga Bàbá Enoku ló sì máa ń fẹ́ àwọn ife tó mọ́ jù lọ. Ó ní àpótí kan tó máa ń tì pa. Inú rẹ̀ ni àwọn irin tó ń fún gíláàsì láwọ̀ wà, tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bí àtíkè: kóbáàtì tí ìwọ̀nba rẹ̀ péré ń sọ odidi ìkòkò di àwọ̀ ojú ọ̀run, bàbà tó ń di pupa tàbí àwọ̀ ewé bí a bá ṣe dáná sí i, àti mangánísì fún àwọ̀ elésè àlùkò. Nígbà tí Jabesi sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Gíláàsì tó ń fojú di irin, irin náà ló ń dáṣọ fún un!"

Àṣà kan wà nílé wa tó fa gbogbo wàhálà yìí. Ife tó bá fọ́ lọ́dọ̀ wa, a kì í dà á nù. Inú àpótí pákó kan ni a ń kó àfọ́kù sí títí ọdún fi máa parí, ìyàwó tó dé kẹ́yìn ni yóò sì gbé e lọ sílé ìléru, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á sínú ìkòkò. A gbà pé ohun tó bá fọ́ nílé gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. Ilé ìfọṣọ ni ìyá mi máa ń gbé àpótí náà sí kó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló wà kí Ketura tó dé, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí wọ́n gbé owú wọlé, kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ ká sún un.

Irin gbígbóná a máa pa èépá, pẹlẹbẹ dúdú wẹ́wẹ́ tó ń ta jáde bí òòlù bá bà á. Láti ìgbà tí Ketura ti ń lu irin níbẹ̀, inú àpótí yẹn ni wọ́n ń ta sí. Ó rí wọn nígbà tó ń múra láti gbé àpótí náà lọ. Ó gbọn án, ó fọ̀ ọ́, ó rò pé èédú ni èyí tó kù, èédú sì máa ń jó dànù. Ó wọ aṣọ tó dára jù lọ lára aṣọ rẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò, gbogbo àga pátá pàtẹ́wọ́ fún un. Ìkòkò yẹn ni wọ́n ti se gíláàsì tó mọ́ jù lọ sílẹ̀ fún ife ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́lá kan.

Èmi ni mo gbé oúnjẹ àárọ̀ Jabesi lọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá Enoku ti ọ̀pá bọ ìkòkò, ó yí i, ó fà á jáde, ó fẹ́ ẹ díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà ní àwọ̀ omi adágún tí ewé ti jẹrà sí. Irin ló máa ń sọ gíláàsì di bẹ́ẹ̀.

"Ta ló fi irin sínú irin mi?" ni Bàbá Enoku bi wọ́n. Ní ọjọ́ mìíràn a ò bá rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ó wá jẹun nílé wa. Ketura kò dúró kí wọ́n tó bi í. Ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nínú ìjọ, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Èépá ni, mo pè é ní èédú. Ẹ má bínú. Màá gbé àpótí yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí."

"Àpótí kọ́," ni Bàbá Enoku wí. "Iná yẹn ni. Irin àti gíláàsì ò lè sùn nínú ilé kan. Yálà o pa á, tàbí kí Jabesi kúrò lórí àga mi."

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Oní-gíláàsì ni Bàbá Enoku, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń lu ọ̀rọ̀ iná Ketura lójú kan. Inú kì í tètè bí Ketura. Lọ́jọ́ yẹn ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, gíláàsì tẹ́ ẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ṣé ó lè gbé ohun tí ẹ̀wọ̀n mi ń gbé?"

"Ṣé o fẹ́ mọ̀?"

"Mo fẹ́ mọ̀."

"Ó dáa. Jabesi á fi èyí tó o bà jẹ́ yẹn rọ ẹ̀wọ̀n. A ó so ohun kan náà rọ̀ sára méjèèjì. Bí ti gíláàsì bá já, iná ẹ wà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láé. Bí kò bá já, o pa á."

"Mo gbà," ni Ketura wí kíá. Ó dá a lójú.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣe é. Ó fa gíláàsì aláwọ̀ ewé náà gùn, ó tẹ̀ ẹ́ yípo, ó ki èyí tó kàn bọ inú rẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé kó tó di pé ó le. Kò ṣe kánjúkánjú, kò sì dúró. Nígbà tó parí, ó gbé e sínú ààrò tí iná rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, nítorí gíláàsì tó bá tutù lójijì, ńṣe ló máa ń bá ara rẹ̀ jà nínú títí yóò fi fọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mi ò rí i kó ṣiṣẹ́ báyẹn rí. Ọkùnrin tó ń rọ ohun tó máa pa iná ìyàwó rẹ̀ kò sì mú nǹkan kan rọrùn fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé a kó jọ sínú ilé ìfọṣọ. Wọ́n so ẹ̀wọ̀n méjèèjì mọ́ igi àjà. Ketura kọ́kọ́ so garawa èédú àti owú rẹ̀ mọ́ ti irin. Kò mira. Ó wá kan ti gíláàsì. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ó bá fi orí ìṣó họ òrùka kan ṣoṣo bí irun, yóò já, ìṣó sì wà lápò rẹ̀ nígbà gbogbo. Ńṣe ló fi àkísà wé ìkọ́ garawa náà kó má baà ha gíláàsì. Ó so garawa. Ó so owú. Ó yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kò já. Ó ń yí jẹ́jẹ́, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá sára ògiri.

Ketura wò ó títí. "Iṣẹ́ rèé," ó ní. Ó gbé garawa omi, ó dà á sí ojú iná, èéfín funfun bò wá mọ́lẹ̀. Ìyá mi tó ti ń gbàdúrà pé kí iná yẹn kú jáde síta.

Ní yàrá ìdáná, mo gbọ́ wọn.

"Jabesi, o ò lè jẹ́ kí òrùka kan ṣoṣo má dáa?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè mọ̀ọ́mọ̀ rọ òrùka burúkú?"

"Mi ò lè."

"Ṣé o rí i."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ó dùn mí."

Láti ọjọ́ náà Ketura ń gbálẹ̀, ó ń sebẹ̀, ó ń dáhùn bí a bá pè é. Kò bú ẹnikẹ́ni ní olè mọ́. Bí ó bá jókòó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a máa ká mọ́ ara rẹ̀ lórí itan bí ẹni tó di nǹkan mú. Inú bí mi sí gbogbo wọn, títí kan òun fúnra rẹ̀ tó ń mú ìlérí ṣẹ fún ẹni tí kò yẹ. Ìyá mi náà kò sáré lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, nítorí kò sí ohun tó ń dún.

Bàbá Enoku gbé ẹ̀wọ̀n gíláàsì náà kọ́ sókè ibi ìdáná wa. Nígbà tó tún wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi fọ́ọ̀kì tọ́ka sí i. "Ẹ wò ó. Ta ló borí?"

Jabesi dìde. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà wọlé pẹ̀lú òòlù Ketura àti ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ̀wọ̀n irin náà sórí òkúta ìdáná, ó gbé òòlù sókè, ó lù ú. Kọ́ńkọ́! Ojú kan tẹ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá na ọwọ́ sókè, ó gbé ẹ̀wọ̀n aláwọ̀ ewé náà sọ̀ kalẹ̀.

"Jabesi, kí lo fẹ́ ṣe?" ni Bàbá Enoku bi í.

"Ẹ ní ká fà á, a fà á. Ẹ ò ní ká lù ú. Bàbá, nínú ayé tá a wà yìí, ṣé fífà nìkan ló wà?"

"Iṣẹ́ tó dáa jù tó tíì tọwọ́ ẹ jáde nìyẹn!"

"Mo mọ̀."

Ó lù ú. Kò kìlọ̀, kò tẹ̀, kò ṣe bí ẹni fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ó kàn di àfọ́kù káàkiri ilẹ̀ yàrá ìdáná.

Bàbá Enoku dìde. "Má wá sórí àga mi lọ́la."

"Mi ò ní wá. Mo ti lọ bá àwọn ilé ìgò tó wà létí odò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

"Ìgò! Ọmọ àbúrò mi! Ìgò ọtí!" Ọkùnrin tó ń fẹ́ ife fún ọlọ́lá tó wá lọ ń fẹ́ ìgò, lọ́dọ̀ wa, ìtìjú tí a kì í sọ síta ni.

"Ìgò aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń ṣe," ni Jabesi wí. "Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù irin níbẹ̀."

Ketura wà lẹ́nu ọ̀nà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn. Jabesi na òòlù sí i.

"Lọ dáná ẹ."

"Mi ò lè dá a. Mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín, ẹ̀wọ̀n yẹn ò sì já. Fífọ́ tó o fọ́ ọ ò yí i padà."

Bẹ́ẹ̀ ló dúró síbẹ̀, kò gba òòlù, Jabesi kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá Enoku ti mú fìlà, ṣùgbọ́n kò lọ. Ìyá mi ló dìde. Ó mú ṣọ́bìrì ibi ìdáná, ó kó ẹ̀yinná kún un, ó sì gba àárín gbogbo wa kọjá, bàtà rẹ̀ ń rún àfọ́kù mọ́lẹ̀.

"Tirsa, níbo lò ń gbé iná yẹn lọ?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Òun ló ṣèlérí," ni ìyá mi wí. "Èmi ò ṣèlérí fún ẹnì kankan."

Ó da ẹ̀yinná náà sójú iná tútù nínú ilé ìfọṣọ, ó da èédú lé e, ó sì di ẹwìrì mú, ó ń fà á sókè sódò, gbogbo eérú ń fò sí i lójú. Àwa tó kù dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó.

"Ìyàwó," ó ní, ikọ́ ń pa á, "wá gbà á. Mi ò mọ̀ ọ́n fẹ́."

Ketura ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọlé, ó gba ẹwìrì lọ́wọ́ ìyá mi.